Omi Tó Ń Jáde Nínú Oko Kọfí

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbin kọfí lórí òkè Mambilla, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo owó. Òjò tó bá rọ̀ sí oko yín ń ṣàn wọ odò Donga, Donga ń wọ Bẹ́núè, Bẹ́núè ń pàdé Ọya ní Lọ́kọ́jà, Ọya á wá gba ẹ̀bá Onitsha kọjá, níbi tí Okpoko wà ní Ogbaru. Ogbaru ti rí àkúnya omi ńlá ní 2012 àti ní 2022. Ẹ má fi ẹrẹ̀ àti oògùn oko yín kún ti wọn.

Òkè yín ga ju 1,500 mítà lọ. Bí ẹ bá kọ ebè láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ ti la ọ̀nà fún àgbàrá nìyẹn. Ìbú òkè ni kí ẹ tò ó sí. Ẹ má sun koríko tí ẹ ṣán. Ẹ fi bo ilẹ̀. Ẹ̀yin ará Kàbà tí ẹ̀yin náà ń gbin kọfí, ẹ dá igi ayùnrẹ́ sí láàárín kọfí.

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí kòkòrò tó ń lu èso kọfí, nítorí ibẹ̀ ni oògùn ti ń dé odò. Inú èso ló ń yé sí, oògùn tí ẹ fọ́n kì í tètè bá a níbẹ̀. Èso tó ṣẹ́kù sórí igi àti èyí tó jábọ́ ló fi ń ṣe ilé di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ ká a tán, ẹ ṣa ti ilẹ̀, kí ẹ sè é nínú omi gbígbóná. Oògùn Gamalín 20 tí àwọn bàbá wa lò pa ẹja lọ jàra. Líńdéènì inú rẹ̀ wọ ìwé àwọn oògùn tí àdéhùn Stockholm ń lé kúrò nílé ayé ní 2009. Endosulfan tí wọ́n fi ń pa kòkòrò kọfí tẹ̀ lé e ní 2011. Oògùn tí kò bá ní ìwé lára ìgò, ẹ má rà á.

Orí àwọ̀n tí ẹ gbé sókè ni kí ẹ sá èso sí; kò gba omi. Bó bá di dandan kí ẹ fọ̀ ọ́, ẹ darí omi ìfọ̀ sínú kòtò: ṣúgà ara èso a máa jẹrà nínú odò, a sì gba afẹ́fẹ́ mọ́ ẹja lọ́wọ́. Ẹ po èèpo rẹ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, ajílẹ̀ gidi ni.

Ẹ má pa igbó tuntun. Òfin tí Yúróòpù ṣe ní 2023 kò fẹ́ kọfí láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn òpin ọdún 2020. Dípò bẹ́ẹ̀, igi kọfí tó ti gbó, ẹ gé e ní ìwọ̀n orúnkún lẹ́yìn ìkórè, kí ojú rẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀ kí omi má baà dúró sí i. Yóò rú. Ẹ dá ọ̀mùnú méjì tàbí mẹ́ta tó le jù sí, kí ẹ já ìyókù.