Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Fàájì Ilé, Láti Pen Cinema Dé Orí Fóònù

Tó bá di nǹkan bí aago méje alẹ́, Allen Avenue ní Ìkẹjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde lẹ́nu iṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ ń ké, àwọn tó ń sun àgbàdo àti bọ̀ọ̀lì ti fẹ́ná wọn. Ẹ bá mi wo inú dánfó kan tó ń kó èrò lọ sí Agége. Obìnrin kan ń wo fíìmù Yorùbá lórí fóònù rẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó tì í ń wo bọ́ọ̀lù. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ki nǹkan bọ etí méjèèjì, orin ló ń gbọ́. Èèyàn mẹ́ta lórí àga kan, fàájì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orúkọ ibi tí dánfó náà ń lọ gan-an jẹ́rìí sí i. "Pen Cinema! Pen Cinema!" ni kọ̀ńdọ́ ń pè. Sinimá wà níbẹ̀ rí lóòótọ́, ilé ńlá tí èèyàn ti ń sanwó wọlé láti wo àwòrán tó ń rìn lára ògiri. Inú òkùnkùn kan náà ni gbogbo wọn jókòó sí. Bí ọ̀kan bá rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Sinimá náà ti kógbá wọlé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu àwọn ará Agége. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ afárá síbẹ̀, tí wọ́n ṣí i ní ọdún 2021, orúkọ sinimá yẹn náà ni wọ́n fi ń pe afárá náà.

Lẹ́yìn sinimá ni tẹlifíṣọ̀n dé. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lásìkò yẹn, Ìkẹjà àti Agége wà lára Ẹkùn náà; ọdún 1967 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n ò pọ̀. Ilé kan ládùúgbò lè ní, kí ogún ilé máà ní. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè, wọ́n á sọ fún yín bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà onílé, tí wọ́n á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí àwọn tí kò ríbi jókòó á na ọrùn lójú fèrèsé. Nígbà tí Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, bá gbé eré Aláwàdà jáde, ẹ̀rín ilé kan á gba gbogbo àdúgbò kan. Ọmọ tó bá ṣẹ ìyá onílé lọ́jọ́ yẹn, kò ní rí eré wò. Nítorí náà, àwọn ọmọ á tètè gbálẹ̀, wọ́n á pọnmi, wọ́n á kí gbogbo àgbà tí wọ́n bá pàdé.

Ní ọdún 1980, ìjọba Alhaji Lateef Jakande dá tẹlifíṣọ̀n Èkó sílẹ̀. Agidingbi ló wà, kò jìnnà sí Allen rárá. Kò pẹ́ sígbà náà ni fídíò onífọ́nrán gbòde. Fídíò dára, torí ẹ lè wo ohun tó wù yín nígbà tó wù yín. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí. Bàbá Sàlá ṣe fíìmù kan ní ọdún 1982 tó pè ní Ọ̀run Móoru. Àwọn olè dà á kọ sórí fọ́nrán láìgbàṣẹ, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Gbèsè ni wọ́n fi fún ọkùnrin tó pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ràn òṣèré kan, ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí owó yóò ti dé ọwọ́ rẹ̀.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Nígbà yẹn, ìpè ìṣẹ́jú kan lè gba náírà 50. Èèyàn á fọ̀rọ̀ pamọ́ sínú títí yóò fi rò ó dáadáa, kó tó pe ẹnikẹ́ni. Fóònù ìgbà náà ò ní sinimá nínú. Ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ń lò ó fún jù. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni fíìmù, orin, bọ́ọ̀lù àti rédíò wọ inú ẹ̀rọ kan tó gba àtẹ́lẹwọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn fóònù yìí ti ń wọ ilé wa kò jìnnà sí Allen. Ẹ gba Awolowo Way lọ sápá ìsàlẹ̀ afárá Ìkẹjà, ẹ máa bá Computer Village: Otigba, Pepple àti àwọn òpópónà tó yí wọn ká. Òpópónà Pepple yìí náà ni Afrika Shrine, ilé ijó Fẹlá olórin, wà nígbà ayé rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ta ṣájà lónìí, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń jó mọ́jú. Bí ẹ bá fẹ́ ra fóònù níbẹ̀, yálà tuntun tàbí tòkunbọ̀, ẹ má kánjú. Ẹ tẹ *#06# kí ẹ tó sanwó. Nọ́ńbà gígùn kan máa jáde lójú fóònù. Ẹ wò ó bóyá ó bá èyí tó wà lára páálí mu. Tí kò bá bára mu, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ gba rísíìtì, kí ẹ sì fi nọ́ńbà náà pamọ́ sílé.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ báyìí. Allen ló ti ń ta oúnjẹ fáwọn òṣìṣẹ́, Agége ló ń gbé. Ó délé lálẹ́, ó jókòó, ó fẹ́ wo fíìmù díẹ̀ kó tó sùn. Fóònù ní dátà ti tán. Àná ló rà á.

"Mọ́mì, ẹ ò tíì pa á?" ni ọmọ rẹ̀ obìnrin bi í.

"Pa kí ni?"

"Fídíò táwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Fúnra rẹ̀ ló ń wọlé."

"Èmi ò tẹ nǹkan kan o."

"Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, Mọ́mì. Bí ẹ ò bá sọ fún un pé kó dúró, kò ní dúró."

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ náà gba fóònù, ó wọ Settings inú WhatsApp, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ Storage and data sí, ó sì pa gígbà tí fídíò ń gba ara rẹ̀ wọlé. Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa kí ẹ lè dá wọn mọ̀ nígbà mìíràn.

Kí ni dátà gan-an? Ẹni tó bá ti ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà rí kò ní ṣòro fún un láti mọ̀ ọ́n. Kẹ́ẹ̀gì lẹ ń sanwó fún, ìlò yín ló máa sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Dátà náà ní òṣùwọ̀n. MB ni òṣùwọ̀n kékeré, GB ni ńlá. MB bí ẹgbẹ̀rún kan ló wà nínú GB kan. Bí orin bá ń wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí kan lè jẹ nǹkan bíi 60 MB. Omi mímu nìyẹn. Fíìmù ní tirẹ̀, bí àwòrán rẹ̀ bá mọ níwọ̀nba, wákàtí kan lè jẹ tó GB kan. Omi ìwẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá tún fi í sí ibi tí àwòrán ti mọ́ kedere, ó lè jẹ tó GB mẹ́ta ní wákàtí kan ṣoṣo. Ìyẹn ni pé GB tí ẹ fi máa gbọ́ orin fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́rìndínlógún, fíìmù kan lè gbé e mì kí iṣu tó jinná tán lórí iná. Lójú fóònù kékeré, èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín àwòrán tó mọ níwọ̀nba àti èyí tó mọ́ kedere. Ẹ máa yan èyí tó kéré.

Ohun kan sì wà tí kì í jẹ dátà rárá: rédíò FM, bí fóònù yín bá ní i. Ẹ máa nílò okùn etí tó ní wáyà, torí wáyà yẹn ni fóònù fi ń gbá ohùn rédíò mú. Bí ẹ bá yọ ọ́, rédíò ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Iná mànàmáná náà ń kọ́? Gbogbo wa la mọ ariwo "Up NEPA!" tó máa ń sọ ládùúgbò bí iná bá dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí NEPA, ilé-iṣẹ́ mànàmáná, ti yí orúkọ padà. Nítorí owó iná, àwọn òbí kan máa ń pariwo lé àwọn ọmọ tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Yúnìtì kan lórí mítà ni iná wáàtì 1,000 fún wákàtí kan. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kékeré ìgbàlódé máa ń lo nǹkan bíi wáàtì 50. Ó máa tó ogún wákàtí kó tó jẹ yúnìtì kan. Áyọ́ọ̀nù tó ń lo wáàtì 1,000 máa jẹ yúnìtì kan náà bí ó bá fi wákàtí kan gbóná. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo eré wọn. Ẹni tó ń lọṣọ lójoojúmọ́ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló jẹ mí lọ́kàn jù. Láyé sinimá, ọgọ́rùn-ún èèyàn ló ń wo ìran kan. Láyé tẹlifíṣọ̀n, ilé mẹ́wàá ló ń wò ó pa pọ̀. Láyé fóònù, bàbá wà ní yàrá tirẹ̀, ìyá wà ní ilé ìdáná, ọmọ kọ̀ọ̀kan wà ní igun tirẹ̀, oníkálukú tẹrí ba sójú iná kékeré. Àwọn kan ní fóònù ló ba ilé jẹ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Fóònù yẹn náà ló ń jẹ́ kí ìyá àgbà tó wà ní Ìjẹ̀bú rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kó kì í, kó gbàdúrà fún un. Kékeré tí ojú rẹ̀ kéré ni ìṣòro rẹ̀: kò gbà ju èèyàn kan lọ. Ẹ sọ ọ́ di ńlá.

Ó ṣeé ṣe. Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá ní ihò fláàṣì lẹ́yìn, ẹ lè gba fíìmù tí ẹ ti sanwó rẹ̀ sórí fláàṣì, kí ẹ kì í bọ ibẹ̀. Wíwò rẹ̀ kò ní jẹ dátà, gbogbo ilé á sì wò ó. Bí tẹlifíṣọ̀n náà bá jẹ́ ti ìgbàlódé tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè gbé àwòrán ojú fóònù lọ sára rẹ̀ láìlo wáyà. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà Cast lójú fóònù. Lórí ti àwọn mìíràn, Screen Mirroring ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ tó wà nílé máa mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ ní kó fi hàn yín. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán dára fún un, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń kánjú lọ sí Allen tàbí síbi iṣẹ́ ní Ọba Akran.

Àwọn ọmọ kéékèèké nìkan ni kí ẹ ṣọ́. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, àti pé kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má wò ó ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ọmọ tó ń sunkún, ẹ pọ̀n ọ́n. Ẹ má fi fóònù rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé. Aníkúlápó, fíìmù Kúnlé Afọláyan tó jáde lórí Netflix ní ọdún 2022, èdè Yorùbá ni wọ́n sọ nínú rẹ̀, a sì rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń sáré nísàlẹ̀ àwòrán. Ọ̀pọ̀ fíìmù wa ló ní irú rẹ̀. Etí yín á máa gbọ́ Yorùbá, ojú yín á máa bá lẹ́tà pàdé. Bó bá sáré ju yín lọ, ẹ dá a dúró, ẹ kà á, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Olùkọ́ tí kì í bínú ni.

Lálẹ́ òní, bí iná bá wà, ẹ pe àwọn ará ilé yín jọ sídìí fíìmù kan. Bí orúkọ àwọn òṣèré bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ kà wọ́n sókè, kí àwọn tó jókòó tì yín gbọ́.