10.63 Méjì: Ọ̀kan Wọ Ìwé, Ọ̀kan Kò Wọ̀ ọ́

Ní oṣù June 2021, obìnrin méjì sá mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 10.63. Shelly-Ann Fraser-Pryce ló kọ́kọ́ sá tirẹ̀, ní Kingston ní Jàmáíkà, lọ́jọ́ 5. Nígbà tó di ọjọ́ 17, Blessing Okagbare sá tiwa ní pápá Yabatech ní Èkó, níbi ìdíje tí wọ́n fi yan àwọn tó máa ṣojú Nàìjíríà ní Tokyo. Ti Fraser-Pryce wọ ìwé, ó sì sọ ọ́ di obìnrin kejì tó yára jù lọ láyé títí di ìgbà náà. Ti Okagbare kò di rẹ́kọ́ọ̀dù kankan. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi, ṣé ojúsàájú ni? Rárá o. Ẹ wo nọ́ńbà kékeré tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò náà: +1.3 ni ti Jàmáíkà, +2.7 ni ti Èkó.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé, ‘Ṣebí Okagbare yìí ni wọ́n lé nítorí oògùn?’ Bẹ́ẹ̀ ni, ọdún 11 lápapọ̀ ni wọ́n fún un ní 2022. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò lónìí, torí kò sóògùn kankan tó mú nọ́ńbà +2.7 yẹn wá.

Bí wọ́n bá ń sá mítà 100, wọ́n á gbé ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kìn-ín-ní, ní mítà 50 sí òpin eré. Láti ìgbà tí ìbọn bá ti dún ló máa wọn afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Tó bá jẹ́ eré tí wọ́n ń fo igi, 13 ni. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti sáré láti ẹ̀yìn, wọ́n á kọ àmì ìròpọ̀; bó bá ń fẹ́ sí wọn lójú, àmì ìyọkúrò ni. Òfin sọ pé tó bá ti kọjá mítà 2.0 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àkókò náà kò lè di rẹ́kọ́ọ̀dù. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún mítà 200 àti fífò jíjìn pẹ̀lú. Wọn kì í wọ̀n ọ́n fún mítà 400, torí ẹni tó bá yí pápá po á bá afẹ́fẹ́ pàdé lójú, á sì tún bá a lẹ́yìn.

Àwọn ará kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ẹ mú bírò. Ẹni tó sá 100 ní 10.63, nǹkan bíi mítà 9.4 ló ń sá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí atẹ́gùn kò bá fẹ́ rárá, 9.4 yẹn náà ló fi ń kọlu afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn 2.7 bá ń tì í lẹ́yìn, 6.7 péré ló kù. Agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dá èèyàn dúró sì ń tẹ̀lé ìlọ́po yíyára náà pẹ̀lú ara rẹ̀: 9.4 lọ́nà 9.4 jẹ́ 88, 6.7 lọ́nà 6.7 jẹ́ 45. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì! Ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ 2.0 fi lè bá èèyàn dín nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kù.

Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fojú rí méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, July 24, 2022. Nínú eré tó ṣáájú àṣekágbá, ó fo igi mẹ́wàá ní 12.12, afẹ́fẹ́ +0.9. Rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé nìyẹn; 12.20 tí Kendra Harrison sá ní 2016 ló fọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló tún sá 12.06 ní àṣekágbá, àmọ́ +2.5 ni afẹ́fẹ́. Wúrà rẹ̀ kò sọnù, torí afẹ́fẹ́ kan náà ló fẹ́ sí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n 12.12 ló wà nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní íńtáhaùsì tó kọjá, àwọn tó di aago Rẹ́ẹ̀dì Haùsì mú sọ 11.4, ti Yẹ́lò Haùsì sọ 11.1, fún ọmọkùnrin kan náà. Ariwo sọ! Ká má gbàgbé pé irú aago yẹn ni wọ́n fi ń yan ẹni tó máa sáré fún ìjọba ìbílẹ̀. Mo rò pé etí ló fa ìyàtọ̀ náà. Ẹni tó dúró sí òpin tó ń retí kí ohùn dé létí òun kó tó tẹ aago ti pẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, torí ohùn kì í rìn ju nǹkan bí 340 mítà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èéfín ìbọn, tàbí ọwọ́ ẹni tó ń ṣí eré, ni kó máa wò. Bó tilẹ̀ wò ó dáadáa, 0.24 ni wọ́n sábà máa ń fi kún àkókò aago ọwọ́ kí wọ́n tó fi wé ti ẹ̀rọ.

Tún wo pápá wa. Ìkòrò yìí, òkè ni; kò sí ibi tó tẹ́jú délẹ̀. Òfin ní kí ọ̀nà eré má dàgẹ̀rẹ̀ ju mítà kan nínú ẹgbẹ̀rún, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 10 fún mítà 100, kò tó ìlàjì rúlà inú báàgì yín. Ta ló ti wọn tiwa rí?

Ìdá kékeré wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Oluyemi Kayode, ọmọ Èkìtì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré Adó, wà lára àwọn tó gba fàdákà fún Nàìjíríà ní Barcelona, 1992, nínú eré ọ̀pá mítà 100 lọ́nà mẹ́rin. 37.98 ni Nàìjíríà, 38.00 ni Cuba. Aago ọwọ́ wa ìbá pe méjèèjì ní 38.0.

Fún sáà yìí, àbá mi kéré: aago mẹ́ta fún ẹni tó bá ṣe ipò kìn-ín-ní, ká mú àkókò tó wà láàárín, tó bá jẹ́ méjì ló ṣiṣẹ́, ká mú èyí tó pẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin wí. Ká sì so rìbọ́ọ̀nù mọ́ igi kan ní mítà 50, kí gbogbo èèyàn lè rí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Mo ti bá olùkọ́ eré ìdárayá sọ̀rọ̀. Aago méjì ló wà ní sítọ́ọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀kẹta nílé, kó wá rí mi.