Àdìrẹ Orí Fóònù

Ìbéèrè: Olóòtú, àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ọmọ mi ní kí n máa pàtẹ ọjà lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí kí àwọn oníbàárà tó ti di ẹbí má baà jìnnà sí mi.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ọmọ Líṣàbí, ẹ kú ọjà o. Ìgbà kì í lọ bí òréré. Nígbà tí owó bébà di ọ̀wọ́n gógó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí oníbàárà ń wo ọjà tí kò rí owó fi rà á, àwọn tó ti mọ bí a ṣe ń fi fóònù gbowó láti báǹkì sí báǹkì ni ọ̀ràn náà rọ̀ lọ́rùn díẹ̀. Ẹ gbọ́ ti ọmọ yín.

Síbẹ̀, àwòrán kò lè ṣàlàyé tán bí àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a fi ìyẹ́ adìyẹ yà, tí a sì rẹ sínú aró, ṣe yàtọ̀ sí ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ohùn yín ni yóò ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó bá bèèrè láti ọ̀nà jíjìn, ẹ pè é, ẹ bi í léèrè ilé àti ọmọ, ẹ sì jẹ́ kó ná ọjà. Àwọn àgbàlagbà tí kò ní fóònù ńkọ́? Ẹ máa gba owó ọwọ́ wọn, kí ẹ sì fún wọn ní èènì bíi ti àtẹ̀yìnwá.