Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Oúnjẹ Ẹni Tí Kò Gbọdọ̀ Jẹ Gúlúténì

Kíláàsì: Àwọn ọmọ àti òbí, kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé, Upper Marlboro, Maryland
Ohun èlò: Èlùbọ́, gààrí, páálí sẹmó, agolo mọ́ọ̀tì, orógùn

Kí ni gúlúténì?
Òun ni èròjà inú àlìkámà, ọkà bálì àti ráì tó ń mú kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì máa fà. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ní àrùn celiac bá jẹ ẹ́, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ yóò dojú ìjà kọ ìfun kékeré rẹ̀, oúnjẹ kò sì ní ṣe é lóore mọ́. Inú á máa run ún, ìgbẹ́ gbuuru, àìtó ẹ̀jẹ̀. Ọmọ mìíràn kò ní dàgbà bó ṣe yẹ. Ẹ má pè é ní ọwọ́ ayé.

Ìtàn àrùn celiac ní ṣókí
Dókítà Willem Karel Dicke ará Netherlands ti ń fura sí àlìkámà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìyàn mú ní 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì wọ́n, ara àwọn ọmọ tó ń tọ́jú ń yá. Búrẹ́dì dé, àìsàn dé. Ní Baltimore wa níbí, ìwádìí Dókítà Alessio Fasano ní Yunifásítì Maryland, tó jáde ní 2003, fi hàn pé bí ẹnì kan nínú 133 ní Amẹ́ríkà ló ní àrùn yìí.

Inú ìkòkò wa
Iyán, àmàlà, ẹ̀bà, fùfú, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, ìrẹsì ọ̀fadà: kò sí gúlúténì nínú wọn. Nítorí náà, n ò rí ìdí tí òbí yóò fi kó owó lé búrẹ́dì aláìní gúlúténì tó wọ́n. Àwọn tó yẹ ká ṣọ́ ni sẹmó (àlìkámà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀), Indomie, ṣinṣín àti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, nítorí àlìkámà, pẹ̀lú mọ́ọ̀tì, Milo àti Bournvita, nítorí ọkà bálì. Ìyẹ̀fun iyán inú páálí àti magí ńkọ́? Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn.

Ẹ wo orógùn yìí dáadáa. Igi ni, sẹmó àná ṣì wà nínú ihò rẹ̀. Bí ẹ bá fi ro àmàlà ọmọ tó ní àrùn celiac, àmàlà yẹn ti bàjẹ́ fún un. Ẹ ra tirẹ̀ lọ́tọ̀. Epo tí a fi din pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù kò gbọdọ̀ din àkàrà rẹ̀. Níbi ìnáwó sì rèé, àǹtí kan á ní, "Jẹ díẹ̀, kò ní pa ọ́." Díẹ̀ náà ń ba ìfun jẹ́.

Kíka páálí
Láti 2006, òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ àlìkámà sára oúnjẹ inú páálí. Kò kan ọkà bálì. Èyí tí wọ́n bá kọ "gluten-free" sí, òfin 2013 ní kí gúlúténì inú rẹ̀ má tó mílígíráàmù 20 nínú kílò kan.

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Ẹ ka gbogbo páálí inú kọ́bọ́ọ̀dù yín, kí ẹ kọ èyí tó ní àlìkámà tàbí ọkà bálì sílẹ̀. Bí ẹ bá ń fura sí àrùn yìí, ẹ má tíì dá búrẹ́dì dúró: ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná, torí ẹni tó ti ṣíwọ́ gúlúténì, àyẹ̀wò lè má rí i mọ́.