Ọ̀kadà Tí Omi Bò: Ohun Tí Ẹ Lè Fi Ọwọ́ Ara Yín Ṣe Kí Ẹ Tó Pe Mẹkáníìkì

Ẹ̀yin ará wa, bí omíyalé bá ti fà, tí ẹ padà dé ilé, tí ẹ rí ọ̀kadà yín nínú ẹrẹ̀, ohun méjì ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn. Èkíní ni pé kí ẹ tẹ kíìkì wò bóyá ó ṣì máa jí. Èkejì ni pé kí ẹ tà á fún ẹni tó bá kọ́kọ́ mówó wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí omi bò ni kò tíì kú. Ohun tí a ṣe sí i lẹ́yìn tí omi fà ló sábà máa ń pa á.

Ẹ mọ ohun tí ọ̀kadà jẹ́ nínú ilé. Òun ló ń gbé bàbá lọ sí oko, òun ló ń gbé ẹrù ìyá lọ sí ọjà, òun ni ẹlòmíràn fi ń wá owó ilé ìwé ọmọ. Àwọn kan nínú yín kò tíì san owó rẹ̀ tán. Àwa tí à ń lọ láti ibùdó dé ibùdó ti rí i pé àwọn tó ń ra ọ̀kadà tí omi bò kì í pẹ́ dé, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì máa ń dá lé e. Ìdí nìyí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí. Ó wà fún àwọn ọ̀kadà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, irú Bajaj àti TVS, tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wọn dá wà, tí a kì í pò ó mọ́ epo.

Ìdí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ tẹ kíìkì

Nínú ẹ́ńjìnnì, písítìnì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ó sì ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí omi bá wà lórí písítìnì, tí ẹ wá fi agbára tẹ kíìkì tàbí tí ẹ ti ọ̀kadà kó lè jí, irin tó gbé písítìnì lè tẹ̀. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ kékeré á di ẹ́ńjìnnì títú palẹ̀. Ẹ má sì yí kọ́kọ́rọ́ láti fi iná wò ó. Iná lè gba inú omi kọjá, kó jó ohun tí omi kò tíì bàjẹ́.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Sípánà tó wọ àwọn bóòtù ọ̀kadà yín, sípánà púlọ́ọ̀gì, sukurudíráfà, àkísà tó mọ́, abọ́ ńlá tí ẹ kò ní fi jẹun mọ́, kẹ́ẹ̀gì kan, àti ọ́ìlì tó máa tó pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dáwó jọ ra irinṣẹ́ kan náà.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí, kó jìnnà sí ibi ìdáná àti ibi tí àwọn ènìyàn ń sùn. Omi tó wọlé ti gba inú ṣáláńgá kọjá, nítorí náà ẹ di ojú egbò, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ fi igi tú abẹ́ ìjókòó wò kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ejò àti àkeekèé máa ń sá síbẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é

1. Bátìrì. Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà tó wà lójú àmì −, lẹ́yìn náà kí ẹ tú ti àmì +. Àmì ni kí ẹ wò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà. Ẹ nù ún gbẹ. Bó bá ti sán tàbí tó ń jò, ẹ má fọwọ́ kàn án.

2. Ẹrẹ̀. Ẹ fi omi tó mọ́ fọ ara ọ̀kadà kí ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn. Ẹ má tíì ṣí ohunkóhun títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́ tán, kí iyanrìn má bàa bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì.

3. Púlọ́ọ̀gì. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ nù ún, kí ẹ sá a gbẹ. Nígbà tí ihò rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, ẹ rọra fi ọwọ́ tẹ kíìkì ní ìgbà mélòó kan. Omi á tú jáde níbẹ̀, nítorí náà ẹ gbé ojú kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ kán ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú ihò náà kí irin inú rẹ̀ má bàa dípẹtà. Kí ẹni méjì gbé iwájú ọ̀kadà sókè, kí omi inú sàlẹ́ńsà lè dà jáde.

4. Ọ́ìlì. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tú bóòtù ìsàlẹ̀. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, nítorí náà òun ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Bí ọ́ìlì bá funfun bí tíì tí a da mílíìkì sí, omi ti pò mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó dà tán, kí ẹ di bóòtù náà padà, kí ẹ sì rọ ọ́ìlì tuntun sí i. Nǹkan bíi lítà kan ni ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré ń gbà. Ẹ fi ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì wò ó kó má kọjá àmì. Ẹ má da èyí tó ti bàjẹ́ sí gọ́tà tàbí ẹ̀bá kànga. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ gbé e fún mẹkáníìkì.

5. Epo. Ẹ tú gbogbo epo inú táǹkì dànù sínú kẹ́ẹ̀gì mìíràn. Ẹ tún tú sukúrù kékeré tó wà nísàlẹ̀ kabúrétọ̀, kí omi ibẹ̀ lè jáde. Ẹ má da epo yìí sínú àtùpà tàbí sítóòfù láéláé. Ó lè gbiná, kó jó gbogbo ilé.

6. Fílítà afẹ́fẹ́. Bó bá jẹ́ oníbébà, ẹ ra òmíràn. Bó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á.

7. Ṣéènì. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi ọ́ìlì sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Ṣéènì tó ń yí lè gé ìka. Ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì kan bíréèkì.

Bí ẹ̀rù bá ń bà yín

Kò burú. Ẹ tẹ́ àkísà sílẹ̀, kí ẹ sì to bóòtù kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tú u. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ibi tí ẹ fẹ́ tú kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá ń dá púlọ́ọ̀gì tàbí bóòtù padà, ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi yí i títí kó fi dúró, kí ẹ tó fi sípánà mú un le díẹ̀. Bó bá kọ̀ láti wọlé, ó wọ́ nìyẹn. Ẹ tú u, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe ìyàwó, ẹ pe ọmọ tó ti dàgbà, kí wọ́n dúró tì yín, kí wọ́n kọ́ ọ. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ ó jí i

Nígbà tí ohun gbogbo bá gbẹ, ẹ dá bátìrì padà, lójú àmì + ṣáájú. Ẹ rọ epo tuntun, kí ẹ tẹ kíìkì níta gbangba. Ẹ má jí i nínú yàrá, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn. Bó bá jí, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ pa á, kí ẹ sì yẹ ọ́ìlì wò. Bó bá tún funfun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tì í lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú láti dán bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn wò. Ẹ má gbé ọmọ tàbí èrò sí i títí bíréèkì méjèèjì yóò fi mú dáadáa.

Ibi tí ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ dúró

Ẹ pe mẹkáníìkì bí kíìkì kò bá sún rárá, bí ẹ́ńjìnnì bá ń kan gbaagbaa, bí wáyà bá ń rú èéfín, bí táyà bá ń mì tàbí bí bíréèkì kò bá mú. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe fún un, kí ẹ sì fi ọ́ìlì tí ẹ tú hàn án. Ẹni tó mọ ohun tó ti ṣe àti ohun tó kù yóò lè béèrè ohun tí òun ń sanwó fún. Bí ẹ bá sì rí i lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ pé títà ló sàn jù, ẹ ó ti mọ iye tó tó gbà.