Orúnkún Ti Sú Mi, Ṣé Kí N Di Akọ́nimọ̀ọ́gbá?

ÌBÉÈRÈ

 Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí mi sí. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń fi rọ́gbì jẹun. Mo ti pé ẹni ọdún 33, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún mi ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ní bí mo bá jẹ́ kó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀pá ni màá fi máa gun àtẹ̀gùn kí n tó pé ogójì ọdún. Àdéhùn mi ń parí lóṣù Òkúdù. Kíláàbù mi ní kí n dúró, kí n máa ṣe igbákejì fún akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, àmọ́ owó rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tí mò ń gbà báyìí. Kíláàbù kékeré kan tún pè mí. Olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe, owó náà sì dára. Ìyá mi ní kí n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí n lọ wá iṣẹ́ gidi. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Ẹni tí àwọn ọkùnrin oníkílò 120 kò wó lù lórí pápá rí ló lè bi ọ́ pé kí ló ṣe orúnkún rẹ.

N ò ní fọ̀rọ̀ pamọ́: iṣẹ́ igbákejì ni kí o mú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí o fẹ́ gbọ́, torí orúkọ olórí dùn létí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni rọ́gbì gbígbá, ọ̀tọ̀ ni kíkọ́ èèyàn ní rọ́gbì. Ọ̀gá ni ọ́ nínú ti àkọ́kọ́. Nínú èkejì, o ò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ká má tíì sọ pé o fẹ́ gba fúrídọ̀mù.

Ohun tójú mi rí ni mo fi ń bá ọ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n wá kọ́ àwọn ọmọkùnrin ọlọ́dún 15 kan, mo gbé pátákó funfun lọ sórí pápá, mo ń ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń ki ejìká bọ inú scrum, níbi tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń ti ara wọn. Òjò ń ṣe wínníwínní. Mo sọ̀rọ̀ títí, yíǹkì ti ń ṣàn lójú pátákó. Ìgbà tí mo máa wo aago, ogójì ìṣẹ́jú ti lọ, ẹnì kankan kò tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Èyí tó kéré jù nínú wọn, tí eyín rẹ̀ ń gbá pẹpẹ, ló bi mí pé: "Sà, ṣé a lè máa sáré báyìí?" Ohun tí mo ti ń ṣe fún ọdún mọ́kànlá láì ronú sí i, n ò rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré tí màá fi sọ ọ́. Ara mi ló mọ̀ ọ́n, ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n.

Lọ wo Ronan O'Gara, ọmọ Ireland tó dàgbà sí ìlú Cork. Ẹgbẹ́ Munster ló gbá bọ́ọ̀lù fún, nọ́ńbà 10 sì wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀. Ó gbá ìfigagbága 128 fún Ireland, ó kó àmì ayò 1,083 jọ fún wọn, ẹsẹ̀ ló sì fi gbá èyí tó pọ̀ jù wọlé. Ní Cardiff lọ́dún 2009, òun ló gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, tí Ireland fi borí gbogbo ẹgbẹ́ nínú ìdíje Six Nations. Láti 1948 ni wọn ò ti rírú rẹ̀ ṣe. Bí ẹnì kan bá lè sọ pé kí wọ́n fi òun jẹ ọ̀gá nílé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òun ni.

Nígbà tó bọ́ bàtà sílẹ̀ ní 2013, ẹni ọdún 36, Paris ló gbà lọ, ó lọ ṣe igbákejì ní Racing. Tún wo èyí: Johnny Sexton, tó gba ẹ̀wù nọ́ńbà 10 Ireland mọ́ ọn lọ́wọ́, dé kíláàbù yẹn lọ́dún kan náà láti gbá bọ́ọ̀lù. O'Gara ló wá ń kọ́ ọ. Èmi ò rò pé màá lè gbé e mì. Racing gba ife ilẹ̀ Faransé ní 2016. Ìgbà tó kúrò níbẹ̀, kò wá ipò olórí kiri; ó kó ẹrù ó di Christchurch ní New Zealand, ó tún lọ ṣe igbákejì lábẹ́ Scott Robertson ní Crusaders, wọ́n sì gba ife Super Rugby ní 2018 àti 2019. Ẹ̀yìn ìyẹn ló padà sí Faransé, sí La Rochelle létí òkun, Jono Gibbes sì tún wà lókè rẹ̀. Ó di 2021 kí gbogbo ẹrù tó bọ́ sórí rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ rèé lábẹ́ ẹlòmíì.

Ní 2022, La Rochelle na Leinster 24 sí 21 ní Marseille, wọ́n gbé ife Yúróòpù lọ sílé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pàdé Leinster, ní Dublin, lójú àwọn ará ilé Leinster. Kí ìṣẹ́jú 15 tó pé, Leinster ti ń fi 17 sí òdo ṣíwájú. Ẹsẹ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Ireland yẹn, ẹ̀gbẹ́ pápá ló wà, kò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Ohun tó ti fi sí wọn lára láti ọjọ́ Ajé ló kù. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbà á padà, wọ́n sì fi 27 sí 26 borí. (Ahọ́n rẹ̀ mú sí àwọn adájọ́ orí pápá o, àwọn aláṣẹ Faransé sì ti dá a dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìyẹn, má kọ́ ọ.)

Bí o ò bá sì gbá ìfigagbága kankan fún orílẹ̀-èdè rí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni Warren Gatland wọ ẹ̀wù New Zealand, ṣùgbọ́n kò gba àyè nínú ẹyọ ìfigagbága kan pẹ̀lú orílẹ̀-èdè míì, torí Sean Fitzpatrick ló jókòó sórí ipò náà. Bẹ́ńṣì ni Gatland ti ń wòran. Òun náà ló kọ́ Wales tí wọ́n fi borí gbogbo ẹgbẹ́ Six Nations ní 2008, 2012 àti 2019.

Nípa kíláàbù kékeré tí owó wọn dára, wádìí ibi tí owó náà ti ń wá. O wà nílẹ̀ yẹn nígbà tí Worcester àti Wasps wọ gbèsè tí wọ́n dáwọ́ dúró ní 2022. London Irish, ibi tí Topsy Ojo ọmọ tiwa ti gbá bọ́ọ̀lù láti kékeré títí tó fi fẹ̀yìn tì, tẹ̀ lé wọn ní 2023. Kíláàbù ńlá nìyẹn o.

Ní ti ìyá wa tó ní kí o wá iṣẹ́ gidi, má bá wọn jiyàn; ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Oṣù Ògún 1995 ni rọ́gbì ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣẹ̀ṣẹ̀ di iṣẹ́ owó; ṣáájú ìgbà yẹn, dókítà, tíṣà àti ọlọ́pàá ló ń gbá a. Tíṣà ni Gatland pàápàá. Kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́nu iṣẹ́ kò ju kí ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́rin léra. Torí náà, fi iṣẹ́ míì kún un. Ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù rọ́gbì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí èyí, ẹ̀tọ́ rẹ sì ni. World Rugby náà ní ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò gba kọ́bọ̀. Èyí tó dá lórí ọpọlọ tó mì ni kí o kọ́kọ́ ṣe, torí lọ́jọ́ tí ọmọ kan bá dìde tí ojú rẹ̀ ń pòòyì, ìwọ lo máa sọ pé kó kúrò lórí pápá, kódà bí ó bá ń sunkún pé òun fẹ́ máa gbá a lọ.

Kí o tó fọwọ́ sí ìwé, bi ọ̀gá tí o fẹ́ ṣe igbákejì fún bóyá yóò fi scrum sílẹ̀ fún ọ pátápátá, kó sì jẹ́ kí o máa darí ìdánrawò kan lọ́sẹ̀ fúnra rẹ. Bó bá gbà, fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ pé omi àti kóònù ni wọ́n fẹ́ kí o máa gbé, tún kọ̀wé sí mi kí oṣù Òkúdù tó wọlé.