Eyín Tí Ó Ṣìnà

Àwọn ìyá a máa bi mí pé: “Ọmọ mi ti di ọmọ ọdún 11, eyín ọmọdé rẹ̀ tí ó ṣóńṣó lókè kò tilẹ̀ mì. Ṣé kí n máa wò ó?” Rárá o! Ẹ fi ìka tẹ èrìgì lókè eyín náà, lápá ètè. Bí ẹ kò bá kan kókó líle, ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín fún àwòrán X-ray. Eyín àgbà lè ti ṣìnà sí àjà ẹnu, kí ó máa jẹ gbòǹgbò eyín iwájú láìdun ọmọ rárá. Bí dókítà bá tètè yọ eyín ọmọdé náà, láàárín ọdún 10 sí 13, èyí tí ó ṣìnà lè padà sọ́nà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́nu gbogbo ọmọ. Nítorí náà ni a ṣe ń tún àwòrán yà láàárín ọdún kan. Ẹ má fi òwú fà á nílé o. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì lè gùn.